Ewé Tó Lẹ̀ Mọ́ra ní Ṣọ́ọ̀bù Geumnye

Tí ẹ bá ń bọ̀ láti etí omi, tí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń da yìnyín sórí ẹja kọjá, ṣọ́ọ̀bù Geumnye ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, tèmi ló tẹ̀ lé e. Ó ń ṣe irun, èmi ń fọ aṣọ. Ògiri kan ló wà láàárín wa, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé tí ẹnì kan bá sunkún nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń lọ aṣọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ẹkún òṣèré yàtọ̀ sí ẹkún ènìyàn. Orin máa ń wà lábẹ́ ti òṣèré.

Ọ̀sán ni ṣọ́ọ̀bù náà máa ń dùn jù, pàápàá tí ìkùukùu bá ti orí òkun wọlé tó bo gbogbo ìlú Tongyeong. Àwọn obìnrin á jókòó sábẹ́ dráyà pẹ̀lú rólà lórí, ojú wọn á máa wúwo. Oògùn irun á máa rùn, gíláàsì á máa làágùn, òjò á máa kan páànù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, olólùfẹ́ méjì á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. Geumnye á dúró láàárín gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́, á gbàgbé orí tó wà níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, orí mi ti fẹ́ẹ̀ tutù o!"

"Ẹ má bínú, mo lọ síbì kan ni."

A kì í bi í pé ibo ló lọ. Gbogbo wa la mọ ibi tó lọ, àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibẹ̀ bọ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni àwọn obìnrin tó ń la ìkarahun òkun, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ yọ ẹran inú rẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ ni wọ́n ti ń jí, nítorí náà wọ́n ti sùn lọ fọnfọn nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá ń fi eré ìfẹ́ hàn lálẹ́. Àtúnfihàn ọ̀sán ni wọ́n ń wò, ọ̀dọ̀ Geumnye ni wọ́n sì ti ń wò ó. Òfin wà níbẹ̀: ẹni tó bá ti wo eré lálẹ́ àná kò gbọdọ̀ la ẹnu rẹ̀. Ìyá-àgbà Cha, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí kì í sì í rí oorun sùn, fẹ́ tú àṣírí eré nígbà kan. Geumnye tan ẹ̀rọ ìgbẹrun sí etí ìyá náà méjèèjì títí eré fi dé ibẹ̀.

Erékùṣù Yokji ni wọ́n bí Geumnye sí, níbi tí ọ̀dùnkún ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Nígbà tó tó fẹ́, alárenà mú un wá sí ilé tíì kan nílẹ̀ yìí, kó wá wo ọkùnrin kan tó ń pa ẹja. Ọkùnrin náà kò wo ojú rẹ̀, ife tíì ló ń wò. Nígbà tó yá ó béèrè pé, "Ṣé òkun máa ń mú èébì gbé yín?" Geumnye ní rárá. Ọ̀rọ̀ parí, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Kò lù ú, kò pa ebi mọ́ ọn, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ó kàn ń lọ sókun ni, ó ń bọ̀, ó tún ń lọ, títí di ọdún kan nígbà òtútù tí ọkọ̀ wọn kò padà mọ́.

Ọmọ kò sí, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìyá ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi nìkan, tí a jọ jẹ́ ọmọ ọdún kan náà, ni mo ń pè é ní Geumnye. Kì í ráhùn pé òun jẹ́ opó. Ohun tó ń dùn ún ni pé ó ti fẹ́ ọkọ, ó ti sunkún ọkọ, ẹnikẹ́ni kò tíì kọnu ìfẹ́ sí i rí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, eré méjì ló gba ìlú kan. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti ọmọbìnrin lọ́yà kan àti ọmọkùnrin alásè tó ń gbé lókè yàrá rẹ̀. Àwọn òbí wọn ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n lọ fẹ́ ẹnì kan, ni àwọn méjèèjì bá jọ fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn á máa ṣe bí olólùfẹ́. Ti ìparí ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti tọkọtaya tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ ní kóòtù, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó rí ilé mìíràn gbà nínú wọn, tí wọ́n wá fi okùn pín pálọ̀ sí méjì. Àdéhùn la sọ àkọ́kọ́, a sọ èkejì ní Ìkọ̀sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga Geumnye gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń ṣe.

Geumnye kì í fi wọ́n wéra bí àwa ṣe ń ṣe é, pé ta ló lẹ́wà jù. Á ní:

"Nínú Àdéhùn, irọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òtítọ́ ló ń yọ bọ̀. Nínú Ìkọ̀sílẹ̀, òtítọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, irọ́ ni wọ́n ń pa báyìí pé àwọn ò fẹ́ra mọ́. Ẹ tẹ́tí sí ẹnu àwọn ti Àdéhùn, ẹ wo ọwọ́ àwọn ti Ìkọ̀sílẹ̀. Obìnrin yẹn ń bú ọkọ rẹ̀, ó sì ń bó ẹ̀pà sínú àwo fún un."

"Ìwọ ńkọ́, èwo lo fẹ́?" ni Ìyá-àgbà Cha bi í.

"Ẹnu ni mo fẹ́, Mama. Mo ti rí ọwọ́ rí."

Èmi ò ṣe ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì. Ohun tí mo máa ń sọ kò yí padà: "Ẹ wo ọmọkùnrin yẹn! Ẹ̀wù òtútù onírun àgùntàn ló wọ̀ dúró sínú òjò! Ta ló máa fọ̀ ọ́? Ẹ̀wù yẹn máa sún kì, ìfẹ́ á tán, ẹ̀wù kò ní wọ ọmọdé." Wọ́n á ní kí n padà sí ẹ̀yìn ògiri mi.

Bàbá Sora náà wá wà níbẹ̀. Ban Giltae lorúkọ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Sora ọmọ rẹ̀ sì ń gbé nílùú Pohang. Ó máa ń wá gẹ irun, bẹ́ẹ̀ irun tó ṣẹ́ kù lórí rẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn ń jókòó sórí àga fún. Ó tún ẹ̀rọ omi gbígbóná Geumnye ṣe láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀, a máa ń bá ẹja tútù nínú ọ̀rá lára ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Kí ló sọ fún ọ?" ni mo bi Geumnye.

"Ó ní omi ti ń gbóná báyìí."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó ní kí n má yí i kọjá àárín."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ewé igi lórí òkè ti pọ́n tán, mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Sora látẹ̀yìn ògiri. "Sora ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Pohang. Ilé wọn tóbi. Tí ẹ bá ti fi kábéèjì ṣe kimchi ọdún yìí tán ni mo máa lọ." Sísọ́ọ̀sì dákẹ́. "Àfi tí ẹ bá ní kí n má lọ," ló wí.

Díẹ̀ báyìí ló kù kí áyọ́ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Geumnye ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Bó ṣe jáde ni mo sáré wọlé.

"O ò dá a lóhùn?"

"Kò sọ pé òun fẹ́ràn mi."

"Ọkùnrin tó fẹ́ jókòó sí ìlú nítorí ẹ! Kí ló tún kù?"

"Ẹnu ló kù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, Geumnye. Wo ojú rẹ̀."

Ojú rẹ̀ ti lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu ọmọkùnrin alásè yẹn, níbi tó ti ń dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí nǹkan dàrú, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Bàbá Sora wá tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ń ha ilẹ̀ ṣe, ni Geumnye bá ní kó dúró jẹun, ó sì kan ògiri pe èmi náà. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì kékeré, ó gbé ìrẹsì kalẹ̀, ọbẹ̀ ẹja, kimchi, àti ewé kkaennip tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Omi sóyà àti ata la fi ń rẹ ewé yìí, lórí ara wọn ní òkìtì, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ra pinpin. Mo fi ọ̀pá ìjẹun mi méjèèjì gbá ẹyọ kan mú, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Mo gbọ̀n ọ́n, wọn ò sọ̀kalẹ̀. Bàbá Sora kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó na ọ̀pá ìjẹun tirẹ̀, ó tẹ àwọn ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, tèmi yọ. Mo fi di ìrẹsì, mo jẹ ẹ́.

Ẹni tí kò bá gbé láàárín wa á ní kí ló wá ṣẹlẹ̀. Àwa mọ̀ pé ọkùnrin kì í bá obìnrin mìíràn di ewé kkaennip mú lójú ẹni tó ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tú ọ̀rẹ́ ká ní orílẹ̀-èdè yìí, ó ti jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà ju òrùka sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà gan-an, ọmọbìnrin lọ́yà àti alásè rẹ̀ ti jà lórí rẹ̀ nínú Àdéhùn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ti pín sí méjì.

Geumnye gbé ọ̀pá ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Sora," ó ní, "ẹ máa lọ sí Pohang."

"Hẹn?"

"Ẹ lọ bá ọmọ yín."

Ó wò ó, ó wo èmi, ó wo ìrẹsì rẹ̀ tí kò tíì jẹ dé ìdajì. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó bọ́ sínú òjò. Ẹyin lohùn; ó ti balẹ̀.

"Orí ẹ dàrú ni?" ni mo pariwo. "Ewé ni! Ewé lásán!"

"Ó rí i pé tìẹ lẹ̀ mọ́ra. Kò wo tèmi."

"Tìẹ kò lẹ̀ mọ́ra!"

"Kò wò ó kó tó mọ̀."

"Geumnye, mo ní ọkọ nílé!"

"Ọkọ tó ń sùn."

"Ó ń sùn o, kò sùn o, tèmi ni!"

Mo ti ilẹ̀kùn tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe gbàà. Inú bí mi, mi ò ní sẹ́ ẹ. Kí wọ́n sọ èmi, tí mo ti fi gbogbo ayé mi fọ ìdọ̀tí ẹlòmíràn, di olè ọkùnrin nítorí ewé kan! Nígbà tí mo délé, mo bi ọkọ mi pé bí ewé obìnrin kan bá lẹ̀ mọ́ra, kí ló máa ṣe. Ó la ojú kan. "Kó jẹ méjèèjì," ó ní, ó padà sùn.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ kíá. Àwọn ti Àdéhùn gbè sẹ́yìn Geumnye, àwọn ti Ìkọ̀sílẹ̀ gbè sẹ́yìn mi. Ìyá-àgbà Cha nìkan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: "Nígbà tèmi, ebi ń pa wá. Ọkùnrin tó bá na ọ̀pá sí ewé rẹ, o yára gbé e mì ni." Àkókò kimchi dé, kábéèjì kún ojú títì bí òkè. Ọdọọdún ni èmi àti Geumnye jọ máa ń ṣe tiwa, a máa ń jókòó kojú síra, a máa ń fi ata sí ẹnu ara wa tọ́ wò. Lọ́dún yẹn, oníkálukú kọ ẹ̀yìn sí èkejì. Tèmi ti níyọ̀ jù. Ó dùn mí wọra.

Nígbà náà ni Bàbá Sora gbé ẹ̀wù òtútù kan wá fún mi fọ̀. Ó ní òun á wọ̀ ọ́ lọ sí Pohang. Ó dúró, kò lọ.

"Ìyá Mirae, kí ni mo ṣe?" ló bi mí.

"Ẹ ò mọ̀?"

"Tí mo bá mọ̀, ṣé mo máa béèrè?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó fọwọ́ ra orí pípá rẹ̀.

"Ewé yẹn?"

"Ewé yẹn ni."

"Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ra, títú la ń tú u. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ òfin yìí?"

"Inú tẹlifíṣọ̀n."

Ó gba etí ògiri jáde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Geumnye, ó jókòó sórí àga àwọn tó ń retí, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Geumnye kò kí i, kò sì lé e. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá. Bó ṣe ń wá lọ́sọ̀ọ̀sán nìyẹn, pẹ̀lú òróró ẹ́ńjìnnì lábẹ́ èékánná, ó jókòó láàárín àwọn obìnrin onírólà, ó ń wo ìfẹ́ bí ẹni ń wo ẹ̀rọ tí kò rí irú rẹ̀ rí.

"Kí ló dé tí kò fi gbé fóònù?" á bi wọ́n.

"Ó ń bínú ni."

"Àmọ́ inú rẹ̀ dùn pé ó pè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Á á."

Nígbà mìíràn á sùn lọ, orí rẹ̀ á máa mì lọ mì bọ̀ nínú ooru náà, Geumnye á sì dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù díẹ̀. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri gbọ́ ọ nígbà tí ohùn ń lọlẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìkọ̀sílẹ̀ ló kọ́kọ́ parí. Wọ́n ká okùn kúrò ní pálọ̀, gbogbo ènìyàn sunkún. Lẹ́yìn náà ló kan Àdéhùn. Láti ìgbà ooru la ti ń retí kí àwọn ọmọ méjèèjì yìí fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu láìsí irọ́ nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ àtúnfihàn náà, ìkùukùu bo ojú gíláàsì, a ò rí títì mọ́, àfi bíi pé ṣọ́ọ̀bù náà nìkan ló ṣẹ́ kù láyé. Ògiri kò tó mi mọ́. Mo wọlé, mo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Geumnye rí mi, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi kí n jókòó.

Àwọn olólùfẹ́ dúró sí ibùdókọ̀ ojú irin. Òjò dídì ń bọ́. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí rìn sún mọ́ ọn. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Sora sọ̀rọ̀.

"Mo ti wo méjèèjì tán."

"Ẹ dákẹ́!" ni Ìyá-àgbà Cha ké.

Kò dákẹ́. Geumnye ló ń wò. "Mo fi wọ́n wéra bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ọmọkùnrin ti Àdéhùn mọ ọ̀rọ̀ sọ. Èmi ò mọ̀ ọ́n sọ. Ti Ìkọ̀sílẹ̀ mọ ìjà jà. Èmi ò lè jà, ṣe ni mo máa ń lọ dúró síta. Ṣùgbọ́n ibi tí eré méjèèjì ti parí, tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn òṣèré, ibẹ̀ lèmi mọ̀. Nígbà tí àìsàn dá ìyá Sora dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń fọ ojú rẹ̀. Èmi ni mò ń ya irun rẹ̀, títí irun náà fi tán. Ó máa ń bú mi pé ọwọ́ mi le. Mi ò mọ ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sí Pohang ní tòótọ́. Mo ti wò ó dáadáa, mi ò lè kọ́ ọ mọ́."

Geumnye dúró pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò lọ síbì kankan. Ojú rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú wa, ó mọ́ kedere.

"Ọkọ mi lọ sókun, kò padà," ó ní. "Kò sẹ́ni tó gbé òkú rẹ̀ fún mi. Mi ò rí òpin nǹkan kan rí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni mò ń rí lójoojúmọ́, kò sì ń tán. Ẹ̀yin ẹ wá sọ fún mi pé òpin lẹ mọ̀. Ó ń bà mí lẹ́rù. Tí ẹ bá dúró, ẹ lè kú mọ́ mi lọ́wọ́. Tàbí kí n kú mọ́ yín lọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló dá a lóhùn. "Ìyẹn wà níbẹ̀."

Kò fi ọ̀rọ̀ kankan bò ó. Geumnye retí bóyá ó máa fi nǹkan kan kún un, kò fi kún un. Mo rí i tí obìnrin náà mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ má lọ," ó ní.

Ọkùnrin náà mi orí pé òun gbọ́. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, ó jókòó dáadáa. Kò dìde, Geumnye kò sún mọ́ ọn. Àga tó kún fún rólà wà láàárín wọn. Mo jowú wọn. Mo ní ọkọ, mo ní ọmọ, mo jowú wọn níbi tí mo jókòó sí, omi sì ń bọ́ lójú mi láìsí orin kankan.

Nígbà tó pẹ́, Ìyá-àgbà Cha yí ojú sí tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ àwọn òṣèré ti ń gòkè lọ.

"Ṣé wọ́n fẹnu kora?" ó bi wá.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Gbogbo wa pátá, a ò rí i. A ní láti lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja létí omi. Geumnye kò béèrè.